Wọ́n Dá Ẹja Padà Sómi, Ṣé Ó Yè? Ohun Tí Ìdíje Ìpẹja Ń Ṣe fún Walleye

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí fídíò yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022 ni, ní ìlú Cleveland, ìpínlẹ̀ Ohio, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn pé jọ síbi àṣekágbá ìdíje ìpẹja kan tí wọ́n ń pè ní Lake Erie Walleye Trail. Wọ́n gbé ẹja márùn-ún tí àwọn ọkùnrin méjì kan mú wá sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n tó jáde sì ju ohun tí ojú rí lọ. Olùdarí ìdíje náà fọwọ́ tẹ ikùn ẹja, ó kan nǹkan líle, ló bá fi ọ̀bẹ la ikùn rẹ̀. Òjé ló jáde! Òjé mẹ́wàá, àti ẹran ẹja mìíràn tí wọ́n gé tí wọ́n sì kì bọ inú àwọn ẹja náà kó lè wúwo. Ariwo sọ, èébú ń fò lókè. Ẹ̀bùn tó lé ní 28,000 dọ́là ló fẹ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní 2023, wọ́n gbà ní kóòtù pé àwọn jẹ̀bi. Adájọ́ rán wọn lẹ́wọ̀n ọjọ́ mẹ́wàá, ìjọba gba ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń pẹja, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìpẹja wọn fún ọdún mẹ́ta.

Gbogbo ayé sọ̀rọ̀ nípa èrú náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè inú omi ni mò ń kà ní yunifásítì báyìí, torí náà ara ẹja ni ojú tèmi wà. Ìbéèrè tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé: àwọn ìdíje tí kò sí èrú nínú wọn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi yangàn pé àwọn kì í pa ẹja. Wọ́n á mú un, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà sómi. Ẹja náà á mi ìrù, á lọ, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ṣé ó yè lóòótọ́? Tí kò bá sì yè, ṣé ìyẹn lè mú kí ẹja tán nínú adágún?

Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o. Ẹ fi sọ́kàn, torí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n ń da méjèèjì pọ̀.

Ta ni walleye?

Kò sí walleye nínú odò tiwa, nítorí náà mi ò ní fún un lórúkọ Yorùbá tipátipá. Sander vitreus ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ẹja inú omi aláìníyọ̀ ni, Amẹ́ríkà àti Kánádà sì ni ilé rẹ̀. Ó rí gbọọrọ, àwọ̀ ara rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn po wúrà mọ́ ewé ólífì, eyín rẹ̀ sì mú ṣáṣá. Ojú rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀, nǹkan kan wà tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, bíi ti ológbò. Tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lóru, ojú rẹ̀ á máa kọ mànà. Èyí ló jẹ́ kó máa rí ẹja kéékèèké pa jẹ ní ìrọ̀lẹ́ àti lóru, nígbà tí àwọn yẹn ò ríran dáadáa mọ́.

Ó dùn gan-an lẹ́nu, ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Minnesota àti South Dakota ti fi ṣe ẹja àmì ìpínlẹ̀ wọn. Abo máa ń tóbi ju akọ lọ, torí náà tẹ́ ẹ bá rí walleye ńlá níbi ìdíje, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé abo ni.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa ara rẹ̀ ká tó máa lọ.

Àkọ́kọ́, omi tó tutù díẹ̀ ló fẹ́. Omi tó bá ti ń gbóná ju bíi 20 sí 23 dígíríì lọ kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. (Omi inú ike tó wà nínú yàrá yín lọ́sàn-án ní Ìbàdàn gbóná ju ìyẹn lọ.)

Ìkejì, àpò afẹ́fẹ́ inú ikùn rẹ̀ dí pa. Ọ̀pọ̀ ẹja ló ní àpò yìí. Òun ló ń jẹ́ kí ẹja lè dúró sí ibi tó bá wù ú láàárín omi láìrì, láìsì léfòó. Àwọn ẹja kan, bíi trout, ní ọ̀nà tó lọ láti àpò náà dé ọ̀fun, wọ́n lè tú afẹ́fẹ́ jáde bí ẹni gùfẹ̀. Walleye ò ní ọ̀nà yẹn. Epìyà tí à ń rà lọ́jà náà ò ní in. Inú ẹ̀jẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ àpò wọn, ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde, díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ ó rí ibi tí ìyẹn ti ń fa wàhálà láìpẹ́.

Bí ìdíje ṣe ń lọ

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pẹja bass ni àṣà yìí ti wá. Ní 1967, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ray Scott ṣètò ìdíje bass ńlá kan ní Beaver Lake, ìpínlẹ̀ Arkansas, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ B.A.S.S. ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹja tí wọ́n bá mú, ó kú nìyẹn. Nígbà tó di 1972, Scott bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn olùdíje pé kí wọ́n máa dá ẹja padà láàyè. Nígbà tó di 1980s, àwọn tó ń pẹja walleye náà ti ní ìdíje ńláńlá tiwọn, láti adágún kan dé òmíràn, pẹ̀lú owó gidi.

Ọjọ́ ìdíje máa ń rí báyìí: ní òwúrọ̀, ọkọ̀ ojú omi á tò, wọ́n á sáré lọ. Olùdíje á fi ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ẹja wo abẹ́ omi, á sọ ìwọ̀ àti ìdẹ sílẹ̀. Tó bá mú èyí tó tóbi, kò ní pa á. Á gbé e sínú táńkì kan tó wà nínú ọkọ̀, tí pọ́ǹpù ń da omi sí. Iye tí òfin ìdíje gbà, bóyá márùn-ún, ni á kó jọ. Ní ọ̀sán, gbogbo wọn á sáré padà sétí omi. Wọ́n á kó ẹja sínú àpò tó lómi díẹ̀, wọ́n á tò sórí ìlà, wọ́n á gbé e gun òṣùwọ̀n níwájú èrò, fọ́tò, àtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà ẹja á padà sómi. Àwọn ìdíje kan ṣì wà tó jẹ́ pé òkú ẹja ni wọ́n ń wọ̀n, tí wọ́n á sì kó o lọ jẹ tàbí kí wọ́n fi tọrẹ. Èyí tí wọ́n ń dá padà ni mò ń sọ lónìí.

Ohun tí ara ẹja ń rí

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹja kan ṣoṣo láti orí ìwọ̀ dé ìgbà tí wọ́n jù ú sílẹ̀.

Ìjà ni ti àkọ́kọ́. Ẹja tí ìwọ̀ kọ́ á fi gbogbo agbára jà. Iṣan rẹ̀ á ṣiṣẹ́ kọjá bí ọ́síjìn ṣe lè dé ibẹ̀ tó, ásíìdì á sì kó jọ sínú iṣan àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó fi gbogbo agbára sáré 400 mítà ni. Ìwọ tó sáré lè jókòó, kó o mí kanlẹ̀. Ẹja yẹn ní láti mí nínú omi kó tó lè bọ̀ sípò, àmọ́ lásìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń gbé e jáde kúrò nínú omi láti yọ ìwọ̀. Àwọ̀n tí wọ́n fi gbé e àti ọwọ́ gbígbẹ tí wọ́n fi dì í mú tún ń nu ohun yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀. Ààbò ẹja lọ́wọ́ àrùn mà ni ohun yíyọ̀ yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ jíjìn omi. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń lọ sí ìsàlẹ̀ tó ni omi á ṣe máa tẹ̀ yín mọ́ra tó. Lójú omi, afẹ́fẹ́ ayé nìkan ló ń tẹ̀ wá. Tẹ́ ẹ bá fi máa jìn tó 10 mítà, ohun tó ń tẹ̀ yín ti di ìlọ́po méjì. Tó bá di 20 mítà, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ ní òfin kan tí Robert Boyle kọ sílẹ̀ ní 1662: tẹ́ ẹ bá dín ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ kù sí ìdajì, á fẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹ wá ronú nípa walleye tó wà ní 10 mítà, tí àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì dí pa. Wọ́n fà á dé òkè láàárín ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ́ di ìlọ́po méjì, kò sì síbi tó fẹ́ gbà jáde. Àpò náà á wú, á máa ti ìfun àti ẹ̀dọ̀, nígbà míì á bẹ́, ojú ẹja lè yọ síta, ikùn rẹ̀ á wú. Tí wọ́n bá dá a padà, ó lè máa léfòó láìlè rì. Ẹyẹ á rí i. Oòrùn á rí i.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ooru. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ọ́síjìn inú rẹ̀ á ṣe dín kù tó. Omi aláìníyọ̀ tó wà ní 10 dígíríì lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 11.3 ọ́síjìn nínú lítà kan. Ní 25 dígíríì, kò ju nǹkan bíi 8.3 lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú ni pé ẹja kì í ṣẹ̀dá ooru ara rẹ̀ bíi tiwa. Omi gbóná, ara rẹ̀ náà gbóná, iṣẹ́ inú ara rẹ̀ yára sí i, ó sì nílò ọ́síjìn púpọ̀ sí i. Owó ọjà ń gòkè, owó oṣù ń já wálẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni táńkì. Ẹja márùn-ún tó ti rẹ̀ jọ wà nínú omi kékeré kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ń mí, wọ́n ń tọ̀. Tí pọ́ǹpù bá ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n lè rọ́jú. Ṣùgbọ́n walleye ń gbé nínú àwọn adágún tó gbòòrò bí òkun, tí ìgbì wọn ń ga. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lórí ìgbì láti má ṣe pẹ́ dé ibi òṣùwọ̀n, gbì, gbì, gbì, ara ògiri táńkì ni ẹja ń lù.

Ẹ má fi àrọ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún mi o. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí àrọ̀ tó wà nínú abọ́ ìyá ẹlẹ́ja láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí omi ò tiẹ̀ bò ó lẹ́yìn, tó sì tún fò jáde nígbà tí wọ́n fẹ́ pa á. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan tó fi ń mí afẹ́fẹ́ tààrà. Walleye ò ní in. Abọ́ ìyá ẹlẹ́ja yẹn, ikú ni fún un.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹja tó fẹ́ kú kì í kú lójú èrò. Ó lè mi ìrù lọ, kó kú lọ́la tàbí lọ́túnla, nísàlẹ̀ omi, tí ẹnikẹ́ni ò rí i. Tó bá jẹ́ pé òkú tó wà lórí òṣùwọ̀n nìkan là ń kà, a ó máa rò pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

Báwo ni àwọn olùwádìí ṣe wá ń mọ̀? Wọ́n máa ń fi àwọ̀n ńlá ṣe ilé sínú adágún. Tí wọ́n bá ti wọn ẹja tán, wọ́n á kó lára wọn sínú ilé àwọ̀n náà, wọ́n á sì máa kà wọ́n lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ ẹnì kan lè sọ pé, "Ilé àwọ̀n yẹn gan-an ló pa wọ́n." Ó tọ́ kó béèrè. Nítorí náà, èyí tó dára jù ni kí wọ́n tún kó àwọn ẹja mìíràn tí kò dé ibi ìdíje sínú irú àwọ̀n kan náà, kí wọ́n fi wéra. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín àwùjọ méjèèjì ni a lè dì ru ìdíje.

Kó tó di 2000, wọ́n ti ṣe irú ìwádìí yìí ní Mille Lacs ní Minnesota, Lake Oahe ní South Dakota, àti Lake Winnebago ní Wisconsin. Ní 2006 àti 2007, Harold Schramm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oríṣiríṣi ìdíje walleye ní àríwá àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2010. Èsì náà ò rí bákan náà níbi gbogbo. Nígbà tí omi tutù, ẹja díẹ̀ ló kú. Nígbà tí omi gbóná, ikú pọ̀, àwọn ìdíje kan sì wà tí ikú ẹ̀yìn ọ̀la pọ̀ kọjá èyí tí wọ́n rí níbi òṣùwọ̀n lọ fíìfíì. Ẹja tí wọ́n mú níbi tó jìn pẹ̀lú wà nínú ewu, ìgbì omi sì tún dá kún un.

Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn: ó dá lórí ìgbà àti ibi. Ẹja tí wọ́n mú ní mítà mẹ́ta nínú omi tútù lè padà sílé láyọ̀. Èyí tí wọ́n fà láti mítà 12 ní àárín ìgbà ẹ̀rùn wọn, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé kọjá ìgbì, àtẹ́wọ́ yẹn lè jẹ́ àtẹ́wọ́ ìdágbére.

Ṣé ẹja ń tán nítorí rẹ̀?

Ó yá, ìbéèrè kejì. Ikú ẹja kan kì í ṣe òpin iye ẹja inú adágún. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni, mo fọwọ́ ara mi ṣe é.

Ká ní ìdíje kan ní ọkọ̀ 100. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mú ẹja 5 lójúmọ́, fún ọjọ́ méjì. Ẹja 1,000 nìyẹn. Ká ní omi gbóná, ìdajì wọn kú. Ẹja 500 ti lọ.

Ká wá gbé 500 yìí lọ sí Lake Erie. Adágún yẹn fẹ̀ ju 25,000 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mẹ́rin àti Ontario ní Kánádà ló jọ ni ín, wọ́n sì máa ń jókòó pọ̀ lábẹ́ Great Lakes Fishery Commission láti pinnu iye walleye tí wọ́n lè mú lọ́dún. Láwọn ọdún 2021 sí 2023, iye náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ́dọọdún. Ẹja 500 nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá jẹ́ ẹyọ kan nínú 20,000. Erie ò ní mọ̀ ọ́n lára rárá.

Ẹ gbé 500 yẹn kan náà lọ sí adágún kékeré kan tí walleye àgbà inú rẹ̀ ò ju 5,000 lọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ti lọ ní ọjọ́ méjì. Tí ìdíje mẹ́ta bá wáyé níbẹ̀ lọ́dún kan, kí àwọn tó ń pẹja jẹ tó kó tiwọn, ọ̀rọ̀ ti di ariwo.

Nǹkan mìíràn tó ń ran walleye lọ́wọ́ ni bó ṣe ń bímọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé, tí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́, abo kan lè yé ẹyin tó tó ọ̀kẹ́ àìmọye, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún fún èyí tó tóbi, sórí òkúta, á sì bá tirẹ̀ lọ láìṣọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń kú. Tí ojú ọjọ́ bá wá dára, tí oúnjẹ àwọn ọmọ ẹja sì pọ̀, ọdún kan ṣoṣo lè kún adágún. Ó ṣẹlẹ̀ ní Erie ní 2003, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2015 àti 2018. Nítorí náà, níbi tí ìyá ẹja bá pọ̀, ojú ọjọ́ ló ń pinnu iye ọmọ tí yóò yè. Níbi tí ìyá ẹja bá ti ṣọ́wọ́n, ẹyọ kan tó bá kú ti di ọ̀rọ̀.

Mille Lacs, ibi tí òkú tí a ò rí ti di ìṣirò

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìgbé ayé èèyàn, Mille Lacs ni kẹ́ ẹ wò. Adágún ńlá ni ní Minnesota, àmọ́ kò jìn ju nǹkan bíi mítà 13 lọ, torí náà oòrùn máa ń mú un gbóná. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Ojibwe ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà ní 1837 tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti máa pẹja àti láti máa ṣọdẹ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà jiyàn, ẹjọ́ lọ títí, ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní 1999 ni ilé ẹjọ́ sì sọ pé ẹ̀tọ́ wọn ṣì dúró. Láti ìgbà náà ni ìpínlẹ̀ àti àwọn Ojibwe ti ń jùmọ̀ pinnu iye walleye tí wọ́n lè mú, tí oníkálukú sì ní ìpín tirẹ̀.

Walleye Mille Lacs wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, torí pé ọmọ ẹja ń jáde àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ò dàgbà. Ní oṣù Kẹjọ 2015, ìpín ìpínlẹ̀ náà tán, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pẹja walleye níbẹ̀ mọ́ títí òpin sáà yẹn. Àwọn tó ní ilé ìgbàlejò àti ilé ìtajà ìdẹ létí adágún fajú ro. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí wọ́n máa mú un, kí wọ́n sì máa dá a padà.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àbí? Rárá. Àwọn onímọ̀ ìjọba ń ka ẹja tí wọ́n dá padà tó sì ṣeé ṣe kó kú, wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú ìpín. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni iye òkú tí wọ́n ń ṣírò ṣe ń pọ̀ tó. Ní oṣù Keje 2017, wọ́n ti ìpẹja walleye pa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àárín ooru, nígbà tó jẹ́ pé òfin ìpínlẹ̀ ò gba àwọn apẹja rẹ̀ láyè láti gbé walleye kankan lọ sílé látìbẹ̀! Àwọn ẹja tí wọ́n ń dá padà nìkan ti ń jẹ ìpín náà tán. Kì í ṣe ìdíje ló fà á níbẹ̀, àwọn apẹja lásán tó ń gbádùn ara wọn ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan ìdíje gbọ̀ngbọ̀n: ẹni tó dá ẹja padà lè ti pa á.

Kí ló ti pa walleye rí?

Ká má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn olùdíje, torí ìtàn ò bá wa sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan wà tí Lake Erie ní irú walleye kan tó ní àwọ̀ búlúù, wọ́n ń pè é ní blue pike. Àwọn oníṣòwò fi àwọ̀n kó o bí ẹní ń kó yanrìn, ìdọ̀tí sì ba omi jẹ́. Ìparí 1950s ló já lulẹ̀, ní 1983 ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ó ti parun. Ní Red Lake ní Minnesota, ìpẹja àpajù mú kí walleye fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tó fi máa di àárín 1990s. Ní 1999, ẹgbẹ́ Ojibwe ti Red Lake àti ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, wọ́n da ọmọ ẹja sínú rẹ̀, nígbà tó sì di 2006, ẹja ti pọ̀ débi pé wọ́n ṣí i padà. Tí èèyàn bá fún adágún láyè, ó lè gbérí.

Kò sí ibi kankan tí mo ti rí i pé ìdíje nìkan pa walleye adágún ńlá run. Ohun tí ìdíje lè ṣe ni pé kó gun ẹni tó ti ń ṣàìsàn níṣẹ̀ẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló sì lè gbà ṣe é tí kò hàn lórí òṣùwọ̀n.

Ọ̀kan, ẹja ńlá ni gbogbo wọn ń wá, ẹja ńlá sì ni ìyá. Ikú abo ńlá kan yàtọ̀ sí ikú akọ kékeré kan, torí ẹyin rẹ̀ pọ̀.

Èkejì, ibi ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti mú ẹja, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n dá gbogbo wọn sí. Ìwádìí lórí bass fi hàn pé ọ̀pọ̀ wọn kì í padà síbi tí wọ́n ti mú wọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kó èèyàn láti gbogbo àdúgbò Èkó, tí wọ́n sì já gbogbo wọn sílẹ̀ ní Ọ̀ṣọ́dì láìsí owó ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta, ọkọ̀ ń ti adágún kan lọ sí òmíràn. Omi tó kù nínú táńkì lè gbé àrùn, tàbí kó gbé zebra mussel, ohun kékeré oníkarahun tó wá láti ilẹ̀ Yúróòpù tó sì ń sẹ́ oúnjẹ inú omi gbẹ. Wọ́n rí i ní Mille Lacs ní 2005, kò sì ṣeé lé jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo pé kí gbogbo ọlọ́kọ̀ fọ ọkọ̀, kí wọ́n da omi rẹ̀ nù, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ.

Àtúnṣe tó wà

Èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n fi òṣùwọ̀n sílẹ̀. Àwọn ìdíje walleye kan ti ń ṣe é: olùdíje á gbé ẹja sórí pátákó tí wọ́n fi ń wọn gígùn, á ya fọ́tò rẹ̀, á dá a padà síbi tó ti mú un lójú ẹsẹ̀. Gígùn ni wọ́n á fi ṣírò ìwúwo. Ẹja tó gùn ní ìlọ́po méjì máa ń wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ, torí ó fẹ̀ sí i, ó sì nípọn sí i pẹ̀lú. Kò sí táńkì, kò sí ìgbì, kò sí ìlà. Ẹ wò ó dáadáa, òjé inú ikùn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́ níbẹ̀!

Èyí ò yanjú ọ̀rọ̀ àpò afẹ́fẹ́. Fún ìyẹn, àfi kí wọ́n má pẹja níbi tó jìn nínú ìdíje ìdápadà. Àwọn kan máa ń fi abẹ́rẹ́ gún àpò náà kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí ò mọ̀ ọ́n gún lè gún ẹ̀dọ̀, àwọn ibì kan ò sì gbà á láyè.

Ti ìgbà náà wà ńbẹ̀. Minnesota àti Wisconsin máa ń fún ìdíje ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì lè fi òfin dè é. Kí ìdíje má bọ́ sí àárín ooru ni ìmọ̀ràn tó mọ́gbọ́n dání jù. Àmọ́ kò sí ìgbà tí kò ní tirẹ̀: ìrúwé tutù, àmọ́ ìyá ẹja lóyún; ìgbà ìwọ́wé tutù, àmọ́ ẹja lè ti lọ síbi tó jìn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa gbọ́dọ̀ mọ adágún rẹ̀.

Tí ẹnì kan bá wá bi yín pé ṣé ìdíje ìpẹja burú, ẹ má kánjú dáhùn. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: Báwo ni omi ṣe gbóná tó? Báwo ni ibi tí wọ́n ti mú ẹja ṣe jìn tó? Mélòó ni ẹja tó wà nínú adágún? Ta ló ka àwọn tó kú lẹ́yìn tí èrò ti túká? Èmi ò fẹ́ kí wọ́n fòpin sí ìdíje. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, nílẹ̀ tiwa níbí, láti 1934 ni wọ́n ti ń fi ìpẹja ṣe ayẹyẹ. Wákàtí kan péré ni ìdíje náà, wọ́n sì máa ń dáàbò bo odò náà kó tó di ọjọ́ yẹn, kí ẹja lè dàgbà. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ kí ayọ̀ tún wà lọ́dún tó ń bọ̀, ó ní láti fi ẹja sílẹ̀ sínú omi lọ́dún yìí, láàyè, kó sì wà láàyè lọ́la àti lọ́túnla.